Kòkó Ifẹ̀ àti Ojú Tó Ń Wo Oko Láti Òfuurufú

Bí àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Ifẹ̀ bá fẹ́ fi ààlà oko rẹ̀ han àlejò, ìdí pèrègún ni yóò mú un lọ. Ó lè tọ́ka sí odò kékeré kan, tàbí sí ìrókò tí bàbá rẹ̀ bá níbẹ̀, yóò sì pe ẹni tí oko wọn jọ pààlà láti wá jẹ́rìí. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ó sì tó fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àjèjì kan ti ń wọ àwọn abúlé kòkó wa báyìí, láti agbègbè Ìpetumodù títí dé Ìfẹ̀tẹ̀dó. Àwọn tó ń ra kòkó fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó o lọ sókè òkun ń béèrè nọ́ńbà oko. Wọn kò béèrè pèrègún. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni nọ́ńbà gígùn méjì tí fóònù ń kà láti ojú sánmà, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ní Amsterdam tàbí Hamburg lè tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì rí ibi tí oko náà wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, Èkó ni ọkàn wọn máa ń lọ, tàbí ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí ọmọ ènìyàn. Kì í wá sí wa lọ́kàn pé ó kan oko kòkó. Síbẹ̀, ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ yìí, mo gbà pé inú oko kòkó ni ìyípadà náà yóò ti kan àpò ọ̀pọ̀ ìdílé, ó sì lè kan ohun tó jinlẹ̀ ju owó lọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀.

Òfin tó ti Brussels wá

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan lórí ọjà méje: màlúù, kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà àti igi gẹdú. Òfin náà sọ pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó gbọ́dọ̀ wọ ọjà Yúróòpù bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn 31 December 2020 ló ti jáde. Ẹni tó fẹ́ kó ọjà náà wọlé ni yóò fi ẹ̀rí hàn. Kò ní tó fún un láti sọ pé Nàìjíríà ni kòkó rẹ̀ ti wá, tàbí pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí oko tí wọ́n ti ká a. Bí oko náà kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti tó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ rìn yí ààlà rẹ̀ po. Nọ́ńbà tí wọn yóò kọ sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ péye débi pé ó kéré tán, ẹyọ nọ́ńbà mẹ́fà ni yóò tẹ̀ lé àmì ìdá. Ilé iṣẹ́ tó bá rú òfin náà lè san owó ìtanràn tó le gan-an: gbèdéke owó ìtanràn tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ bá fi lélẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tà ní Yúróòpù lọ́dún.

December 2024 ló yẹ kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n sún un síwájú fún ọdún kan, wọ́n sì tún sún un síwájú lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé ariwo lásán ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ṣokoléètì kò dúró de ọjọ́ tí òfin yóò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó máa wá ẹ̀rí. Wọ́n ti fi í sínú àdéhùn tí wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò kòkó ṣe, àwọn oníṣòwò sì ti ń gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ń bá wọn rà á ní abúlé. Bí òfin tilẹ̀ yí padà lọ́la, nọ́ńbà oko tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kò ní parẹ́.

Kì í ṣe pé òfin náà kò nídìí. Igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti dín kù gan-an, kòkó sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní Côte d'Ivoire àti Ghana, tí kòkó wọn ju ìdajì kòkó gbogbo ayé lọ, oko ti jẹ igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹni tó bá mọ igbó ọba Ṣáṣà ní ìhà gúúsù Ifẹ̀ mọ̀ pé kòkó ti dé ibi tí kò yẹ kó dé. Owó kòkó sì wá di owó àràmàǹdà ní ọdún 2024. Iye tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́ ní March ọdún náà, ó sì lé ní 12,000 ní December, kí ó tó wálẹ̀ gan-an ní 2025. Ìgbà tí òfin ń sọ pé kí àgbẹ̀ má ṣe wọ igbó mọ́ gan-an ni owó ń pè é wọ inú igbó.

Ohun tí ojú òfuurufú rí àti ohun tí kò rí

Ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti lè wọlé. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wọn oko kò mọ ibi tó wà fúnra rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà fi sí òkè ní nǹkan bíi 20,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Bí ó bá gbọ́ mẹ́rin nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ṣírò bí ó ti jìnnà sí ìkọ̀ọ̀kan tó, yóò sì ti ibẹ̀ mọ ibi tó dúró sí. Títí di May 2000, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ohùn náà rú fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe ológun, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Ìgbà tí wọ́n dẹ́kun èyí ni irú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí tó ṣeé fi ẹ̀rọ kékeré ṣe. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ewé tó dí bíi ti oko kòkó, ohùn náà máa ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, fóònù sì lè fi mítà mélòó kan sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oko ńlá, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Ní oko kékeré tó fara ti oko ẹlòmíràn, ó lè gbé ènìyàn kọjá pèrègún.

Ẹ̀kejì ni àwòrán. Yúróòpù ní àwọn sátẹ́láìtì tirẹ̀ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé. Méjì àkọ́kọ́ nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Sentinel-2 gòkè ní 2015 àti 2017, àwọn méjèèjì sì ń kọjá lórí ibì kan náà ní bí ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwòrán wọn jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú àti lóròó. Àwọn tó ń yẹ ọjà wò yóò fi àwòrán ọdún 2020 wé ti ìsinsìnyí, wọn yóò sì wò ó bóyá igbó wà níbẹ̀ nígbà náà tí kò sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le níbí. Òfin náà ka ilẹ̀ tó ju ìdajì hẹ́kítà lọ sí igbó, bí igi tó ga ju mítà márùn-ún bá fi ẹ̀ka àti ewé bo ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ. Lóòótọ́, ó yọ oko ohun ọ̀gbìn kúrò nínú èyí. Àmọ́ báwo ni ẹni tó wà lókè yóò ṣe mọ oko yàtọ̀? Ẹ rántí bí oko kòkó àwọn bàbá wa ti rí. Wọ́n fi ìrókò sílẹ̀, wọ́n gbin obì àti ọsàn sáàárín rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí igi ńlá ṣíji bo kòkó nítorí pé kòkó fẹ́ràn ibòòji. Láti òfuurufú, irú oko bẹ́ẹ̀ jọ igbó. Bí ẹni tó ni ín bá wá gé àwọn kòkó tó ti gbó kí ó lè fi ọ̀dọ́ rọ́pò wọn, ẹ̀rọ lè kà á sí pé ó pa igbó run. Àgbẹ̀ tó ti gé gbogbo igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn kò ní irú ìṣòro yìí rárá, nítorí pé oko rẹ̀ hàn kedere. Ẹni tó tọ́jú igi jù lọ ni wọ́n lè kọ́kọ́ fura sí.

Owó kòkó àti ọgbà yunifásítì

Kòkó àti ìjọ Ọlọ́run ti jọ rìn pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan lára àwọn tó dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní Èkó ní 1901, ní oko kòkó ńlá ní agbègbè Agége. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ti òkè wá síbẹ̀ kó irúgbìn kòkó padà lọ sílé, àwọn onígbàgbọ́ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín ní ọ̀pọ̀ ìlú. Nígbà tó yá, owó kòkó wà lára owó tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Òun náà wà lára owó tí wọ́n fi dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀wádún tó tẹ̀ lé e. Ìbàdàn ni yunifásítì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962 kí ó tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní January 1967, òun la sì ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987.

Inú ọgbà yunifásítì yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ méjì wà tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ohun tí à ń sọ. Èkíní ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí RECTAS, tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, kí àwọn ọmọ Áfíríkà lè kọ́ bí a ti ń fi àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ṣe máàpù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé sì ti rán àwọn ènìyàn wọn wá. Èkejì ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sí òfuurufú ní September 2003, ó sì fi méjì mìíràn ránṣẹ́ ní August 2011. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn, NigeriaSat-X.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé ìmọ̀ yìí ṣàjèjì sí Ifẹ̀. Ó ti wà nínú ìlú láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò tó láti wọn oko kòkó, ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó ló ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, fún ìlò tirẹ̀. Mi ò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Ní Ghana, àjọ kòkó ìjọba tó ti wà láti 1947 ṣì wà, ó sì ka àwọn àgbẹ̀, ó wọn oko wọn. Côte d'Ivoire ń fún àgbẹ̀ kòkó ní káàdì. Tiwa, a tú àwọn àjọ tó ń ra irè oko ká ní 1986. Inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dùn nígbà náà, wọ́n sì ní ìdí, nítorí àjọ wọ̀nyẹn ti rẹ́ wọn jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ibi tí àkọsílẹ̀ ì bá wà ti ṣófo báyìí. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta lè wọn oko kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àgbẹ̀ má sì ní ẹyọ ìwé kan lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní Igbó Olókun, nínú ìlú Ilé-Ifẹ̀ níbí, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola ṣáájú wa ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe gíláàsì fúnra wọn láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kí òyìnbó tó dé etíkun wa. Èròjà tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gíláàsì Yúróòpù àti ti Lárúbáwá. Tẹ́lẹ̀, ohun táwọn ọ̀mọ̀wé gbà ni pé gíláàsì òkèèrè ni Ifẹ̀ ń yọ́ tún ṣe. Wọ́n ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ yìí títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Ìlú tó ń ṣe ọjà ìgbàlódé ìgbà ayé rẹ̀ tí ó sì ń tà á fún ẹlòmíràn ni, kì í ṣe èyí tí àlejò ń wá wọn ilẹ̀ rẹ̀ fún un.

Orúkọ ta ni yóò wà lórí nọ́ńbà náà?

Gbogbo ohun tí mo ti sọ ṣáájú ṣeé tún ṣe. Ẹ̀rọ yóò máa dára sí i, àwòrán yóò máa mọ́ sí i. Èyí tó kù yìí ni mo ń bẹ̀rù.

Nílẹ̀ wa, ilẹ̀ àti igi kì í ṣe ti ẹnì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, tó gbin kòkó sí i, òun ló ni kòkó náà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ tí àgbẹ̀ ń san lọ́dọọdún ni àmì pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oko kan ní olóhun méjì, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó wà nínú fóònù kò mọ èyí. Bí àyè orúkọ kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, orúkọ ta ni wọn yóò kọ? Bí wọ́n bá kọ orúkọ àgbẹ̀, onílẹ̀ lè rò pé wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n gba ilẹ̀ òun. Bí wọ́n bá kọ orúkọ onílẹ̀, kòkó tí bàbá àgbẹ̀ gbìn ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ti di ti ẹlòmíràn nínú ìwé. Kí la ó sì ti wí nípa opó tó ń ká kòkó ọkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ? Òfin Yúróòpù sì tún béèrè pé kí ọjà náà bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu, ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Mélòó nínú àwọn oko abúlé ló ní ìwé kankan?

Ní ibòmíràn, èyí lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ lásán. Ní tiwa, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ti dá sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ó ti di ẹjọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ó wà lára ohun tó wà nídìí ìjà 1981, ó sì wà lára èyí tó wà nídìí ogun tó jà láti 1997 sí 2000, tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sì sọ ilé di eérú. Kò sí ẹni tó ń sọ pé fóònù yóò dá ogun sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń wọn oko lè wá láti ibi tí wọn kò ti gbọ́ ìtàn yìí rí, ó sì ń kọ ohun tí yóò di ẹ̀rí lọ́la.

Ohun tí àwọn ìjọ lè ṣe níbí kò kéré. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ilé ìsìn ni àwọn tó ń wọn oko yóò kọ́kọ́ wá kí wọ́n lè ṣe ìkéde, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlùfáà tí wọ́n bá gbé ìkéde náà fún lè kọ́kọ́ béèrè ìwé tí àwọn àgbẹ̀ yóò tẹ̀ka sí, kí ó sì ní kí ọmọ ìjọ kan tó mọ̀wé kà á fún wọn ní Yorùbá. Kí ó béèrè ibi tí wọn yóò kó àkọsílẹ̀ náà pa mọ́ sí. Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní June 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí kò bá tọ̀nà. Onílẹ̀ àti àgbẹ̀ sì lè jọ tọwọ́ bọ ìwé kékeré kan lójú ẹlẹ́rìí, pé wíwọn oko kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gba igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ná wọn ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Ní ti oko àtijọ́ tí ẹ̀rọ lè pè ní igbó, ẹ̀rí wà nílé. Àwọn àpótí àwọn bàbá wa ṣì ní ìwé owó orí, rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀, àti rìsíìtì kòkó tí wọ́n tà kí wọ́n tó tú àjọ kòkó ká ní 1986. Oko tó ti ń mú kòkó wá sórí òṣùwọ̀n ní 1979 kò lè jẹ́ igbó ní 2020. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fi àwọn ìwé wọ̀nyẹn dáná, wọ́n rò pé wọn kò wúlò mọ́. Kí wọ́n ya fọ́tò wọn, kí wọ́n sì kó wọn pa mọ́ kí kòkó oṣù October tó dé.